Lásìkò kòrónà l'Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkokomáìkò: Aládùúgbò ló bọ́ aládùúgbò, ṣùgbọ́n ta ló san owó ẹ̀?

Ẹ ò lè tíì gbàgbé ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2020. Tó bá ti di aago mọ́kànlá alẹ́, òfin kónílé-ó-gbélé tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yóò bẹ̀rẹ̀ nípìnlẹ̀ Èkó àti nílùú Àbújá. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ẹni tó bá mọ Ìyànà-Ìba dáadáa, tó mọ bí dáńfó, ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Máruwá, alágbo, oníbọ̀ọ̀lì àtàwọn ọmọ LASU ṣe máa ń fèjìká gbá ara wọn níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, onítọ̀hún mọ̀ pé ibẹ̀ kì í sùn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìyànà-Ìba sùn. Òkokomáìkò náà sùn. Títì márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti gbé iṣẹ́ ẹ̀ síta látọdún 2009, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ibẹ̀ sì ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di arúgbó ọ̀sán gangan, dá páropáro.

Títì sùn o, ṣùgbọ́n inú ilé ò sùn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, ẹni tí fíríìjì ẹ̀ kún, tí owó oṣù ẹ̀ sì ń wọ báńkì bó ṣiṣẹ́ bí kò ṣiṣẹ́, ìsinmi ni ọ̀rọ̀ náà jọ lójú tiẹ̀. Irú wọn ò pọ̀ láti Volkswagen títí dé Òkokomáìkò. Àwọn tó pọ̀ níbẹ̀ làwọn tó jẹ́ pé òógùn òní ni oúnjẹ òní. Alábàárù tó ń ti ọmọlanke nínú ọjà Alábà, kọ̀ńdọ́ tó ń fi ẹsẹ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà dáńfó, ìyá tó ń se ìrẹsì fáwọn ọmọ Íbò tó ń ta tẹlifíṣàn àti jẹnẹrétọ̀, àwọn Haúsá tó ń ta àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti àgbò l'Alábà Ràgó, telọ, onídìrí, ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu géètì yunifásítì. Ọjọ́ tí wọn ò bá jáde, wọn ò jẹun. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ náà rí, kò ní àbùlà.

Kẹ́ni kẹ́ni má sì rò pé ọjọ́ tí Ààrẹ sọ̀rọ̀ ni ìyà ọ̀hún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ni ìjọba Èkó ti ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, nígbà tó sì di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 26, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu ní kí wọ́n ti gbogbo ọjà tí kì í ṣe ti oúnjẹ àti oògùn. Ọjà Alábà tí wọ́n ti ń wá láti Kútọnù àti Ghana wá ra ẹrù dákẹ́ lọ gbári. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ fẹ́ pé, lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹrin, Buhari tún fi ọjọ́ mẹ́rìnlá mìíràn lé e. Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ bá wa kà á: ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko.

Òótọ́ ni pé àìsàn náà kì í ṣe àwàdà. Ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó wọ Èkó ní ìparí oṣù Kejì ọdún náà ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára ẹ̀, ọjọ́ 27 ni àyẹ̀wò fìdí ẹ̀ múlẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn àwọn àrùn tó ń ràn ní Yaba. Títí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde lọ́jọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé kòrónà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́, àwọn tí ìjọba Nàìjíríà kà pé ó pa lórílẹ̀-èdè yìí lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, Èkó ló sì ní aláìsàn jù lọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Lọ́dún 2020, hẹ̀rẹ̀huru kúrò ní òwe. Ẹni tó bá wúkọ́ nínú ilé oníyàrá méjìlá, gbogbo yàrá ló ń ti ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tó wà lẹ́nu àwọn èèyàn Ọ̀jọ́ nígbà náà kì í ṣe bóyá kòrónà wà tàbí kò sí. Kí làwọn máa jẹ lọ́la, ìyẹn lọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀.

Ìjọba náà mọ̀. Kí kónílé-ó-gbélé tó bẹ̀rẹ̀ ni Sanwo-Olu ti kéde pé òun máa fún ìdílé 200,000 lóúnjẹ ní ìpele àkọ́kọ́, ìdílé kọ̀ọ̀kan jẹ́ èèyàn mẹ́fà, oúnjẹ náà á sì tó wọn ó kéré tán fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ìrẹsì, gààrí, ẹ̀wà, búrẹ́dì, ata gbígbẹ, omi mímu àti fítámì C ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dáa ni, a ò ní í torí pé ìjọba ló sọ ọ́ ká wá bú u. Ṣùgbọ́n ẹ mú báírò. Ìdílé 200,000 lọ́nà èèyàn mẹ́fà, mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba èèyàn nìyẹn. Ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2006 ní àwọn ará Èkó jẹ́ 9,113,605. Ìjọba Èkó ní irọ́ ni, wọ́n ní àwọn ka tàwọn, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún. Tẹ́ ẹ bá gba ti ìjọba àpapọ̀ gbọ́, kò pé ẹnì kan nínú èèyàn méje tó máa fọwọ́ kan oúnjẹ yẹn. Tẹ́ ẹ bá gba ti ìjọba Èkó fúnra ẹ̀ gbọ́, ẹnì kan nínú mẹ́rìnlá náà ò pé. Ọdún 2006 la ṣì ń sọ o, ọdún mẹ́rìnlá gbáko kí kòrónà tó dé. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ nìkan, ìkànìyàn yẹn ní èèyàn 598,071 ló wà níbẹ̀. Ó dájú pé wọ́n ti jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa nígbà tí àrùn wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dójú ẹ̀ ni bí wọ́n ṣe pín in. Ọwọ́ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní CDA, ni ìjọba ń gbé púpọ̀ nínú ẹrù náà gbà. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, nítorí ta ló mọ àdúgbò ju àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ? Ẹgbẹ́ yìí ló ń dá owó tiransifọ́mà, tó ń da yẹ̀pẹ̀ sójú ọ̀nà tó bá ti bàjẹ́, tó ń san owó ọdẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ti gbé l'Ékòó rí mọ̀ pé ìpàdé onílé ni CDA. Lándílọ́ọ̀dù ló ń jókòó síbẹ̀. Ayálégbé kì í sábà lọ, bó bá tiẹ̀ lọ, ta ló fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀? Òkokomáìkò sì rèé, ìlú ayálégbé ni. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ègùn láti ọ̀nà Àgbádárìgì, Íbò, Ùròbò, Haúsá, ọmọ Kútọnù, ọmọ Tógò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU tí owó ọkọ̀ ò délé, gbogbo wọn ló há síbẹ̀. Àwọn Àwórì tó tẹ Ọ̀jọ́ àti Ìba dó ń bẹ, ṣùgbọ́n èrò ti pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Tí wọ́n bá wá gbé àpò oúnjẹ mélòó kan dé àdúgbò, tí wọ́n ní kí alága kọ orúkọ, orúkọ ta ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn? Ẹni tó mọ̀ ni. Kò pọn dandan kó jẹ́ olè. Káàkiri Èkó, láti Alímọ̀ṣọ́ dé Ajégúnlẹ̀, igbe kan náà làwọn èèyàn ń ké ní oṣù Kẹrin yẹn, wọ́n ní àpò tó dé òpópónà àwọn ò tó nǹkan, àwọn míì ní àwọn ò tiẹ̀ rí i sójú.

Ní ti ìjọba àpapọ̀, ẹ jẹ́ ká má sọ ọ́ púpọ̀. Ìrẹsì tí àwọn aṣọ́bodè gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́ ni wọ́n pín fáwọn ìpínlẹ̀ kan. Ìjọba Ọ̀yọ́ ṣí àpò 1,800 tí wọ́n fún un, ó rí kòkòrò nínú ẹ̀, ó ní kí wọ́n wá gbé e padà. Ohun tójú Mákindé rí nìyẹn. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ kòrónà lásìkò yẹn ni, ó ní epo èso dúdú pẹ̀lú oyin ló ran òun lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá epo náà káàkiri bí ẹni ń wá góòlù.

Nígbà náà, kí ló wá gbé àwọn èèyàn dé ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù, nítorí òun gan-an ni ìjọba ìbílẹ̀ lásìkò yẹn. Kò sí òpópónà kan l'Òkokomáìkò tàbí l'Ìba tí kò ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Onípákó ni tàbí kọ̀ńténà kékeré, mílíìkì àti Máílò olọ́ràá rọ̀ dirodiro bí ìlẹ̀kẹ̀ lókè, gààrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà wà nínú báàsì pẹ̀lú kóńgò lórí wọn, epo pupa àti òróró wà nínú ìgò, ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé kan tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya sì wà lábẹ́ tábìlì pẹ̀lú báírò tí wọ́n fi òwú so mọ́ ọn. Ìwé àwìn nìyẹn. Lára ilẹ̀kùn, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé àwìn ò sí lónìí, ẹ padà wá lọ́la. Àwọn tó kọ ọ́ síbẹ̀ náà ló ń ta àwìn jù. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń bẹ àlejò pé kó má wá ni, ẹni tí wọ́n bá mọ̀ kì í wo ara ilẹ̀kùn.

Lásìkò kónílé-ó-gbélé, ìwé yẹn kún. Dẹ́rìkà ìrẹsì kan, ẹ kọ ọ́. Kóńgò gààrí méjì, ẹ kọ ọ́. Ìndómì mẹ́rin, mágì, ẹyin mẹ́ta fún ọmọ tí kò jẹ nǹkan látàárọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, tí bàbá wọn bá ti padà síbi iṣẹ́. Ẹ rántí pé ìyá náà kò mọ ọjọ́ tí bàbá wọn máa padà síbi iṣẹ́. Ààrẹ pàápàá ò mọ̀ ọ́n. Ó sì ń tà.

Ṣé owó tiẹ̀ ni? Rárá o. Ohun tí àwọn tó ń yin ìṣọ̀kan àdúgbò kì í dúró sọ nìyí. Ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, apá kan jẹ́ àwìn lọ́wọ́ àwọn alágbàtà, apá kan jẹ́ owó àjọ, apá kan jẹ́ owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, apá kan sì lè jẹ́ owó àwọn báńkì kékeré tó ń yáni lówó, tó ń gba a ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí àwọn obìnrin sọ lórúkọ tó yẹ ẹ́, gbọ́mú-lé-láńtà. Ìyá tó bá ta ìrẹsì láwìn fún ìdílé mẹ́wàá, gbèsè ìdílé mẹ́wàá ló gbé lé orí ara ẹ̀. Kò bá ìjọba ṣèpàdé kó tó gbé e. Kò sì sẹ́ni tó ya fọ́tò ẹ̀ bó ṣe ń gbé e.

Ọ̀fọ̀ tó wà níbẹ̀ tún ju ti ẹni tí kò san lọ. Ẹni tó san gan-an náà, ó ṣì mú ọ̀fọ̀ wá. Àjọ tó ń rí sí ìṣirò nílẹ̀ yìí, NBS, ní owó oúnjẹ fi ìdá 14.98 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó ṣáájú lọ ní oṣù Kẹta 2020. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá, ó ti di ìdá 19.56. Kí nìyẹn já sí fún ìyá oníṣọ́ọ̀bù? Kóńgò gààrí tó tà láwìn ní oṣù Kẹrin, iye tó kọ sínú ìwé ni wọ́n máa san fún un ní oṣù Kẹsàn-án. Tó bá kó owó ọ̀hún lọ sọ́jà, kò lè ra kóńgò kan mọ́. Wọ́n san gbèsè pé, ọjà ẹ̀ sì dín kù. Bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ń kú nìyẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jalè níbẹ̀. Ẹ máa sọ pé ṣebí àwọn kan fi owó lé ọjà lásìkò náà? Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n fi lé e, àwọn kan sọ ìbòmú àti sanitáísà di góòlù, ọ̀rọ̀ tiwọn wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín tó ta fún yín láwìn kì í ṣe ara wọn.

Ìkejì ni àjọ. Àjọ ojoojúmọ́ kò ṣòro láti yé: alájọ ń bọ̀ láràárọ̀ tòun ti káàdì, o fún un ní iye tí ẹ jọ sọ, ó fi àmì sí i, tó bá di ìparí oṣù, o kó owó ẹ, owó ọjọ́ kan ni tiẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ pé orí èèyàn pé bíi ti alájọ Ṣómolú tó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́, nítorí kẹ̀kẹ́ ló ń wọ kọ̀rọ̀ tí mọ́tò ò lè wọ̀. Lọ́dún 2020, àti mọ́tò àti kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ní kó jókòó sílé. Alájọ ò lè rìn, oníbàárà ò tà kó tó rí ohun tó máa dá, gbogbo wọn sì ń pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kan náà pé àwọn fẹ́ kó owó àwọn. Ìyẹn ni báńkì ńlá máa ń sá fún. Alájọ tó bá ti yá owó ọ̀hún fáwọn míì, ẹ̀rù bà á. Alájọ tó fi pamọ́ bó ṣe gbà á, ó ń fi ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan látọ̀dọ̀ oní-POS, owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì sì nìyẹn fún ẹlòmíràn.

Èésú ló wá le jù. Ká sọ pé obìnrin mẹ́wàá ló ń dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ́sẹ̀, ẹnì kan á kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Ẹni tó ti kó tiẹ̀ ní oṣù Kejì, tó ti fi ra ọjà, gbèsè ló ń san báyìí. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà ní ìparí, owó ẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́sàn-án tó kù, ebi sì ń pa á. Tí ẹgbẹ́ bá ní àwọn dúró ná, ẹni ìkẹyìn ló kú. Tí wọ́n bá ní dandan ni kí gbogbo èèyàn dá a, ẹni tí kò tà yóò lọ yá owó gbọ́mú-lé-láńtà. Èyí tó mọ́gbọ́n dání, tó sì nira láti ṣe, ni kí wọ́n pa ìtò dà, kí ẹni tí ebi ẹ̀ pọ̀ jù kọ́kọ́ kó o, kí àwọn tó ṣì rí tà, àwọn aláta àti oníṣu tí òfin gbà láyè láti jáde, máa dá a lọ. Ibẹ̀ lẹgbẹ́ ti máa ń mọ̀ bóyá àwọn ní ìyá ẹgbẹ́ tàbí ẹni tó kàn ń gba owó làwọn ní. Ẹgbẹ́ tó là á já lọ́dún náà, ẹ lọ wádìí, ẹ ó rí obìnrin àgbàlagbà kan tó jókòó tì í, tó ń pe gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù láàárọ̀ láti béèrè ohun tí wọ́n jẹ.

Nínú ilé fẹ́ẹ̀sì-mí-kí-n-fẹ́ẹ̀sì-ẹ, kò sí ìpàdé, kò sí ìwé orúkọ. Kítíìnì kan ni gbogbo wọn ń lò. Ẹni tí kò bá dáná fún ọjọ́ méjì, gbogbo ilé ló máa mọ̀. Àṣírí ò sí níbẹ̀, inú àìsí àṣírí yẹn ni àánú ti ń jáde. Ìyá kan á fi àwo ẹ̀bà bo àwo ọbẹ̀, á ní kí ọmọ gbé e lọ fún bàbá tó wà ní yàrá ìkẹta, á sì sọ ọ́ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan, pé ọbẹ̀ ló pọ̀ jù. Kí ojú má baà ti bàbá ni. Àwọn tó ń gbé ní Ìba Estate, ilé tí ìjọba Jakande kọ́, tó ní kítíìnì tiwọn nínú, tó ń ti ilẹ̀kùn, ó rọrùn fún wọn láti sá fún àrùn. Ó tún rọrùn kí ebi pa èèyàn níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, tó ní mọ́tò níwájú ilé, ta ló fẹ́ gbé àwo ẹ̀bà fún un? Wasáàpù àdúgbò ni irú wọn máa ń tẹ ọ̀rọ̀ sí lóru, tí wọ́n á tún tètè pa á rẹ́.

Ọdún Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, láàrin kónílé-ó-gbélé. Ààwẹ̀ Ràmàdánì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 24. Ṣọ́ọ̀ṣì wà ní títì, mọ́ṣáláṣí wà ní títì, oṣù Kẹjọ ni ìjọba Èkó tó gbà kí wọ́n ṣí i. Ṣùgbọ́n àwọn pásítọ̀ àti ààfáà ní ìwé orúkọ tí CDA ò ní. Wọ́n mọ opó, wọ́n mọ ẹni tí ọmọ ẹ̀ ń ṣàìsàn, wọ́n mọ ayálégbé tó dé lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí ayálégbé tí kì í lọ ìpàdé onílé, ó ń lọ jọ́sìn. Sàráà ààwẹ̀ ọdún náà gba ojú fèrèsé àti ẹnu géètì wọlé. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń kó oúnjẹ jọ náà gbìyànjú, irú Lagos Food Bank Initiative tí Michael Sunbola dá sílẹ̀, wọ́n ń gbé àpò oúnjẹ lọ sáwọn àdúgbò tí kò rọ́wọ́ họrí.

Kí ẹ sì má rò pé gbogbo Èkó ló wà nínú ọ̀fọ̀. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, ọjọ́ márùn-ún péré sígbà tí òfin bẹ̀rẹ̀, ni Funke Akindele, Jénífà tí gbogbo wa fẹ́ràn, ṣe àpèjẹ ọjọ́ ìbí fún ọkọ ẹ̀ nígbà náà, JJC Skillz, nílé wọn ní Amen Estate. Fídíò lu síta. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n ti wà níwájú adájọ́ ní Ọ̀gbà, wọ́n ní kí kálukú san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà, kí wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣe iṣẹ́ ìlú. Wọ́n bú u l'Òkokomáìkò, wọ́n tún bẹ̀bẹ̀ fún un. Ohun tó dun àwọn kan kì í ṣe pé ó rú òfin, ìrẹsì inú fídíò ni wọ́n ń wò.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìyẹn ni ìbẹ̀rù alẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọmọ One Million Boys àti Awáwà ń kọ lẹ́tà sáwọn àdúgbò pé àwọn ń bọ̀, láti Agége dé Ìfọ̀ àti Sàngó Ọ̀tà. Ọlọ́pàá ní àsọdùn pọ̀ nínú ẹ̀, wọ́n sì kó àwọn kan. Òótọ́ tàbí irọ́, oorun dá lójú gbogbo Èkó. Àwọn ọkùnrin mú igi àti àdá, wọ́n sun táyà sí ìkóríta, wọ́n ṣọ́ ilé. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé CDA láti ogún ọdún wá ṣẹlẹ̀ nídìí iná táyà: lándílọ́ọ̀dù àti ayálégbé jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan náà, wọ́n bi ara wọn léèrè orúkọ. Ó máa ń wuni kéèyàn gbọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ iná yẹn náà léwu, nítorí àlejò tó bá ṣìnà dé ibẹ̀ lóru, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, orí ló máa kó o yọ.

Àwọn baba ńlá wa ti rí irú ẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918 ni ọkọ̀ ojú omi kan láti etíkun Ghana gbé àrùn ọ̀fìnkìn ńlá nì wọ Èkó. Àwọn òyìnbó ń wọlé kiri láti wá aláìsàn, àwọn èèyàn ń fi aláìsàn wọn pamọ́, ọ̀pọ̀ sì sá kúrò nílùú, wọ́n gbé àrùn náà dání lọ sókè. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé ó tó ìdajì mílíọ̀nù èèyàn tó bá a lọ ní Nàìjíríà. Nígbà yẹn, èèyàn lè sá lọ sóko kó lọ máa jẹ iṣu. Lọ́dún 2020, ìjọba ti dí ọ̀nà láàrin ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, àwọn tó wà lóko gan-an ló sì ń pe ará Èkó pé kó fi owó ránṣẹ́.

Wọ́n ṣí ìlú lọ́jọ́ 4 oṣù Karùn-ún. Dáńfó padà sí Ìyànà-Ìba, wọ́n ní èrò tí wọ́n máa gbé gbọ́dọ̀ dín kù, owó ọkọ̀ sì lọ sókè. Alábàárù padà s'Alábà. Ìwé àwìn ṣì wà lábẹ́ tábìlì. Àwọn kan san, àwọn kan ń san díẹ̀díẹ̀, àwọn kan sì ń gba ẹ̀yìn ilé mìíràn kọjá kí ìyá má baà rí wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ gbèsè kó ẹrù wọn, wọ́n lọ sílé bàbá wọn, àwọn kan ò padà mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oṣù Kẹwàá dé. Lọ́jọ́ 20, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni ìbọn dún ní Lekki níbi táwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣe ìwọ́de EndSARS. Ìlú dàrú, gómìnà tún ní kónílé gbélé. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 22, ariwo sọ ní Mazamaza pé ilé ìkẹ́rùsí kan wà níbẹ̀ tí oúnjẹ kòrónà kún inú ẹ̀. Àwọn èèyàn ya lu ibẹ̀. Ìyá, bàbá, ọmọdé, àwọn tó wọ aṣọ iṣẹ́ pàápàá, wọ́n gbé àpò lórí, wọ́n gbé páálí ìndómì léjìká, àwọn kan fi ọ̀kadà gbé e, àwọn kan ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ẹrù tí CACOVID kó fún ìpínlẹ̀ ni, ìyẹn àwọn oníṣòwò ńlá àti báńkì tí Aliko Dangote àti Báńkì Àpapọ̀ kó jọ láti ran ìlú lọ́wọ́: ìrẹsì, gààrí, ìndómì, ṣúgà, iyọ̀. Wọ́n tún rí irú ẹ̀ láwọn ìpínlẹ̀ mìíràn láàrin ọjọ́ díẹ̀ síra wọn.

Ẹgbẹ́ àwọn gómìnà ní kì í ṣe pé àwọn fi pamọ́. Wọ́n ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣì ń pín in lọ́wọ́, àwọn kan ń dúró kí gbogbo ẹrù pé, àwọn kan sì fi díẹ̀ pamọ́ de ìgbà tí àrùn náà bá padà wá. Ẹ jẹ́ ká ní òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù l'Òkokomáìkò kò dúró kí ẹrù pé kó tó ta kóńgò gààrí láwìn, kò sì fi nǹkan kan pamọ́ de ìgbà kejì, nítorí ọmọ tó dúró níwájú ẹ̀ ò tíì jẹun.

Títì Àgbádárìgì kan náà ló gba Mazamaza kọjá, tó gba Volkswagen àti Ìyànà-Ìba, tó sì dé Òkokomáìkò. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ le lè rìn ín láàárọ̀ kan. Lára páálí tí wọ́n gbé gba orí títì yẹn padà sílé lọ́jọ́ náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ẹ̀ pé ti CACOVID ni, wọn ò gbọdọ̀ tà á.